Iná Tí Kò Kú

Aago mẹ́jọ kò tíì lù ní Ìdó-Èkìtì,
ọyẹ́ ti fi aṣọ funfun bo òkè.
Mo nu ojú maikirosíkóòpù,
mo ki gíláàsì bọ abẹ́ rẹ̀.
Nọ́ńbà ló wà lára gíláàsì, kò sí orúkọ,
ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ni ín.
Èmi ni mo bá a wọ ọkọ̀ wá láti Ìpólé,
tó na ẹsẹ̀ sórí àpò gaàrí,
tí eṣinṣin ń bá wa rìnrìn àjò.

Fágbuyì, àbúrò ìyá mi.
Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn ni àtùpà bú gbàmù lọ́wọ́ rẹ̀
(kẹrosíìnì tí wọ́n lú bẹntiróòlù mọ́),
iná jó o láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀.
Gbogbo ibi yòókù san.
Ibì kan, bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, kọ̀.
A da eérú ewé sí i.
A tú ampikilọ́ọ̀sì sí i bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.
Ó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ó ń ṣomi lójò,
ẹsẹ̀ yẹn náà ló sì fi ń dúró kọ ebè.

Bí ara ṣe ń ṣe é nìyí:
bí awọ bá ya, ẹ̀jẹ̀ a ké sí àwọn ọdẹ rẹ̀,
wọ́n a dé tàwọn ti iná.
Ibẹ̀ a gbóná, a pọ́n, a wú,
a sì máa ro ni dé eegun.
Iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe. Bí olè bá ti sá,
ó yẹ kí wọ́n paná, kí wọ́n máa lọ ulé,
ulé, bí àwa ti ń pe ilé ní tiwa.
Àwọn ọdẹ ẹsẹ̀ yìí kò lọ.
Wọ́n kọ́ ahéré sẹ́yìnkùlé wa,
èéfín wọn ń ta àwọn ọmọ inú ilé lójú
títí ọ̀kan nínú wọn fi gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

Nítorí ikú wà nínú ẹ̀kọ́ ilé.
Wo ọwọ́ rẹ. Nínú oyún, bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ló rí.
Àwọn tó wà láàárín ìka ló gbà láti kú
kí o lè rí ìka ka owó, kí o lè rí ìka bu òkèlè.
Ẹnikẹ́ni kò sunkún wọn.
Sẹ́ẹ̀lì tó bá mọ̀ pé ọjọ́ òun pé
a ká ẹní rẹ̀, a di ẹrù rẹ̀ sí àpò wẹ́wẹ́,
aládùúgbò a gbé e mì, wẹ́rẹ́,
kò ní ta sí ẹnikẹ́ni lára.
Kò dà bí èyí tí wọ́n fi túláàsì pa,
tó bẹ́, tó tú ìfun sójú ọ̀nà,
tí àwọn ọdẹ tún rí ìdí láti dáná.

Ohun tó wà nínú gíláàsì mi kò ká ẹní.
Wọ́n tò, wọ́n tún tò, wọ́n gun orí ara wọn,
wọ́n yí roboto, ìlẹ̀kẹ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀.
Láràárọ̀ là ń wúre: àìkú parí ìwà.
Mo ń wo àìkú.

Dókítà Aríyìbí yóò bá a sọ̀rọ̀ orúnkún,
bóyá òkè rẹ̀ ni wọn yóò ti gé e, bóyá ìsàlẹ̀.
Títí di ìgbà náà, ó wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń bó ẹ̀pà.
"Ìbídùn, kí lo rí?"
Mo ní, "Iná ọjọ́sí ni, Bàbá. Kò tíì kú."
Ó wo ẹsẹ̀ náà pẹ́.
"Kẹrosíìnì ọ̀hún," ó ní, "igò kan péré ni mo rà."
Ó bu ẹ̀pà fún mi.
Mo tẹ́wọ́ gbà á. Ẹyọ méjì
gba àlàfo ìka mi bọ́ sílẹ̀.